Irú ni mo fi ń ṣí ìwé náà fún wọn

Ẹ kú iṣẹ́, olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi. Ẹ ní ilé-ẹ̀kọ́ yín ti gba ìwé microbiology (ẹ̀kọ́ nípa àwọn ohun alààyè tí ojú lásán kò lè rí) ti OpenStax, èyí tí ó jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2016 tí a sì lè kà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n àkọ́sórí lásán ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe. Ohun tí ojú èmi náà rí fún ọdún mẹ́rin gbáko nìyẹn, nítorí pé láti orí kìíní ni mo máa ń kà á lọ títí sáà yóò fi parí.

Ọjọ́ tí ojú mi là ni ọjọ́ tí a pa irú láró ní ọ̀nà tí Hans Christian Gram, onímọ̀ bakitéríà ará Denmark, gbé jáde ní ọdún 1884. Irú náà ti tó ọjọ́ mélòó kan. Ìwé sọ pé Bacillus, bakitéríà tí ó ń sọ irúgbá sísè di irú, máa ń di elésè-àlùkò. Ohun tí a rí lórí dígí ni àwọn ọ̀pá tín-ín-rín, tí púpọ̀ nínú wọn pọ́n rẹ́súrẹ́sú, tí àwọn mìíràn sì ní ojú funfun láàárín bí ẹni pé abẹ́rẹ́ gún wọn. Síbẹ̀, elésè-àlùkò ni gbogbo kíláàsì kọ. Ó dùn mí wọra, nítorí èmi ni mo kọ́ wọn láti gba ìwé gbọ́ ju ojú wọn lọ.

Láti ìgbà náà, wọ́n gbọ́dọ̀ ya ohun tí wọ́n rí kí a tó ṣí ìwé rárá. Bí wọ́n bá wá béèrè ìdí tí ó fi pọ́n, ìgbà náà ni a ń ka ibi tí ó ti sọ̀rọ̀ nípa peptidoglycan, ògiri tí ń di aró mú, tí kì í lè dì í mú mọ́ bí sẹ́ẹ̀lì bá ti gbó. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan tí ìyá rẹ̀ ń ṣe irú béèrè ibi tí Bacillus ti ń wá lẹ́yìn tí iná ti jó lábẹ́ ìkòkò mọ́jú. Mo ní kí ó tún wo ojú funfun yẹn: endospore ni, ìyẹn ìrísí líle tí Bacillus máa ń sá pamọ́ sí; aró kì í wọ̀ ọ́, omi híhó kì í sì í pa á.

Ẹ ṣọ́ alcohol o, èyí tí a fi ń fọ aró elésè-àlùkò kúrò kí a tó fi aró pupa sí i. Bí ó bá pẹ́ jù lórí dígí, èyí tí kò gbó pàápàá yóò pọ́n. Ẹ ra irú tuntun àti èyí tí ó ti pẹ́, kí ẹ pa wọ́n láró lórí dígí méjì, kí ẹ má sì sọ èyí tí í ṣe èwo fún wọn.