Káàdì tí ọmọ bá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ló máa wúlò fún JAMB

Mọ́mì, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ẹ ní ọmọ yín obìnrin tó wà ní Iléṣà fẹ́ kọ JAMB, pé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló fẹ́ wá kọ́ ní OAU, ẹ wá ń béèrè bóyá kí ẹ ra káàdì ìbéèrè-àti-ìdáhùn àti ìwé ìsọnísókí tí wọ́n ti tẹ̀ fún un. Ẹ má rà á. Bírò àti àlùmọ́gàjí ni kí ẹ rà.

Ṣọ́ọ̀bù ìyá mi ní Modákẹ́kẹ́ ni mo ti kàwé tèmi. Páálí bisikíìtì ni mo ń gé, kò tó àtẹ́lẹwọ́: ìbéèrè níwájú, ìdáhùn lẹ́yìn. Bí oníbàárà bá dé, màá da káàdì dojú bolẹ̀, màá wọn gààrí, màá tún gbé e. Kò bèèrè iná, kò bèèrè dátà. Fóònù náà dára, àmọ́ ẹ̀yin náà mọ ohun tí ọmọ ń bá pàdé níbẹ̀.

Ibi tí káàdì ti wá ló ṣe kókó jù. Kó má wulẹ̀ máa da ìwé kọ. Kó mú ìbéèrè àwọn ọdún tó ti kọjá, kó dáhùn wọn láìṣí ìwé kankan nítòsí. Èyí tó bá gbà, kó fi sílẹ̀. Èyí tó bá kùnà nìkan ni kó di káàdì. Chemistry ló jẹ mí níyà, electrolysis pàápàá. Mo kọ ọ́ síwájú káàdì kan pé: "Tí iná mànàmáná bá gba inú omi iyọ̀ tó ki kọjá, kí ló ń jáde ní cathode (ọ̀pá tó wà ní ẹ̀gbẹ́ negative)?" Sodium ló máa ń yá ọ̀pọ̀ lẹ́nu. Hydrogen ni. Mo sì kọ ìdí rẹ̀ sẹ́yìn: hydrogen ion ló rọrùn láti tú sílẹ̀ ju sodium ion lọ. Ẹni tó bá há ìdáhùn nìkan sórí, tí wọ́n bá yí ìbéèrè yẹn díẹ̀, ó parí.

Ẹ kìlọ̀ fún un nípa ìdáhùn tí wọ́n ń tẹ̀ sẹ́yìn ìwé ìbéèrè o. Èyí tí mo rà lọ́jà, àṣìṣe kún inú rẹ̀ bámúbámú. Olùkọ́ Physics wa ló já a fún mi. Kó yẹ ìwé ilé-ìwé rẹ̀ wò kó tó kọ ohunkóhun sí káàdì.

Tó bá di lílò, kó dì wọ́n ní ìdì mẹ́ta. Ìdì kìíní, ojoojúmọ́. Èyí tó bá gbà bọ́ sí ìkejì, ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta. Tó bá tún gbà á, ìkẹta, ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Èyí tó bá kùnà padà sí ìkíní, ibi yòówù kó wà. (Sebastian Leitner ló gbé irú ètò yìí jáde nínú ìwé tó kọ lédè Jámánì ní 1972, àmọ́ ẹ̀gbọ́n tó ń kọ́ mi lẹ́yìn ilé-ìwé ń ṣe bí ẹni pé òun ló dá a sílẹ̀.) Kó fẹnu sọ ìdáhùn kó tó yí káàdì. Ẹni tó kọ́kọ́ yí i, tó wá ń mi orí pé òun mọ̀ ọ́n, kò mọ̀ ọ́n. Ti Oral English, kó pè é sókè ketekete.

Àmọ́ káàdì kì í kọ́ni ní eré sísá. Ìbéèrè 180 ni: 60 fún Use of English, 40 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan Biology, Chemistry àti Physics, wákàtí méjì péré. Ìṣẹ́jú àáyá 40 ló kan ìbéèrè kan. Kò sì ní í mú ẹ̀rọ ìṣirò wọlé, ti ojú kọ̀ǹpútà ni yóò lò. Nítorí náà, ẹ wá ibi tó ti máa fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà ní Iléṣà, kí ọwọ́ rẹ̀ mọ A, B, C, D àti N tó ń gbéni lọ sí ìbéèrè tó kàn.

Tí JAMB bá parí, kó má tíì da káàdì nù. Nínú 100 tí OAU fi ń gbani, 50 ni ti JAMB, 10 ni ti èsì WAEC tàbí NECO. 40 tó kù, Post-UTME, ìdánwò tí OAU fúnra rẹ̀ ń ṣe lẹ́yìn JAMB, ló ni ín.