Mo rí edé kékeré kan tí ò sí nínú ìwé, ṣé mo lè sọ ọ́ lórúkọ?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ ma. Mo wà ní ọdún àṣekágbá ní yunifásítì, iyanrìn ìsàlẹ̀ òkun ní apá Ìbèjú-Lẹ́kí ni iṣẹ́ project mi dá lé. Níbi tí mo ti ń fi asẹ́ sẹ́ iyanrìn náà ni mo ti rí nǹkan kan tó jọ edé ṣùgbọ́n tí kì í ṣe edé, kò gùn ju hóró ìrẹsì lọ, ó sì tẹ̀ kọrọdọ. Mo wá a títí nínú ìwé tí sùpàfáísọ̀ mi fún mi, mi ò rí i. Mẹ́fà ló wà lọ́wọ́ mi, inú fọ́málínì ni mo kó wọn sí. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n tètè sọ ọ́ lórúkọ ìyá mi, Àdùkẹ́, kí n gbé e sórí Facebook kí ẹlòmíì tó gbà á mọ́ mi lọ́wọ́. Kí ni kí n ṣe ma?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o kú iṣẹ́, o sì kú ojú lílà, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa sẹ́ iyanrìn yẹn tí wọ́n á da nǹkan náà nù mọ́ ìdọ̀tí. Ẹ̀rín pa mí nígbà tí mo dé ibi Facebook, ṣùgbọ́n mi ò fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́ o, ohun tó ń ṣe ẹ́ yẹn ti ṣe gbogbo wa rí. Ọdún tí mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, mo rí tèmi náà lára òkúta etí òkun, mìlímítà mẹ́rin péré, mo fi oṣù mẹ́ta ya àwòrán ẹ̀, mo ti yan orúkọ sílẹ̀, kódà mo ti kọ ọ́ sára ìgò. Ọ̀gá mi gbé ìgò náà sókè síbi iná, ó yí i síwá yí i sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ kan ló sọ: "Obìnrin ẹ̀ dà?" Mi ò ní obìnrin kankan, ọkùnrin ni gbogbo wọn. Ká má fa ọ̀rọ̀ gùn, ẹ̀yà tí wọ́n ti sọ lórúkọ kí wọ́n tó bí ìyá mi ni, obìnrin nìkan ni ẹni tó kọ́kọ́ kọ nípa ẹ̀ rí, èmi wá lọ rí ọkọ ẹ̀.

Torí náà jẹ́ kó yé ẹ látìbẹ̀rẹ̀ pé rírí nǹkan ò le nínú iṣẹ́ yìí, fífi í wé àwọn tó ti wà nílẹ̀ ló le. Kí a tó dé ibẹ̀, jẹ́ ká sọ̀rọ̀ fọ́málínì yẹn ná.

Fọ́málínì dáa fún ìrísí, ara ẹran á dúró gírí nínú ẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń ba DNA jẹ́. Òfin tí àwọn onímọ̀ fi ń sọ ẹran lórúkọ ò sọ pé dandan ni kéèyàn ní DNA kó tó kọ nípa ẹ̀yà tuntun o, ṣùgbọ́n láyé ìsinsìnyí wọ́n á bi ẹ́, o ò sì ní rí nǹkan sọ. Ohun míì ni pé tó bá pẹ́ tí o ò bu borax sí i, fọ́málínì máa ń kan, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ kálíṣíọ̀mù inú èèpo ẹran náà títí á fi rọ̀ bọ̀jọ̀bọ̀jọ̀. Má da mẹ́fà yẹn nù, wọ́n ṣì wúlò fún àwòrán, ṣùgbọ́n padà sí ibi tó o ti kó iyanrìn yẹn, ibẹ̀ gan-an, lásìkò tí òkun bá gbà ẹ́ láyè, kó òmíì, ethanol 95% ni kó o kó wọn sí. Lọ́jọ́ kejì da ethanol àkọ́kọ́ yẹn nù kó o bu tuntun, torí omi ara wọn á ti là á. Inú fíríìjì ni kí ìgò náà wà tí iná bá wà. Wá já bébà kékeré, fi pẹ́ńsù kọ ibi tó o ti rí wọn sí i, bí omi ṣe jìn tó níbẹ̀, ọjọ́, orúkọ ẹni tó kó wọn, kó o wá ju bébà náà sínú ìgò pẹ̀lú wọn. Pẹ́ńsù ni mo sọ o, kì í ṣe báírò, ethanol á fọ báírò dànù láàárín ọjọ́ mélòó kan, ìgò rẹ á wá kún fún ẹran tí ò nílé tí ò lọ́nà. Má sì gbẹ́kẹ̀ lé ohun tó o kọ sórí ìdérí, ìdérí ìgò máa ń pààrọ̀ ara wọn lọ́nà tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀.

Ó wá kan kí ló jẹ́ gan-an. Gbé e sábẹ́ máíkíróskóòpù kó o ka antẹ́nà ẹ̀. Kòkòrò orí ilẹ̀ ní méjì, ẹbí edé àti akàn ní mẹ́rin. Tó bá jẹ́ mẹ́rin, wo bí ara ẹ̀ ṣe tẹ́: tó bá tẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́, bíi pé ẹnì kan fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ pọ̀, tó jẹ́ pé gbogbo bó o ṣe gbé e kalẹ̀ ló máa ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́, amphipod nìyẹn. Tó bá tẹ́ láti òkè wálẹ̀ bí ìdun, isopod ni. "Ó tẹ̀ kọrọdọ" tó o sọ yẹn ló jẹ́ kí ọkàn mi máa lọ sọ́dọ̀ amphipod. Àwọn amphipod tí wọ́n ti sọ lórúkọ tó nǹkan bí ẹgbàárùn-ún, 10,000, torí náà ìwé kan ṣoṣo tí sùpàfáísọ̀ fún ẹ ò lè gbà wọ́n láéláé, pé o ò rí i nínú ẹ̀ ò tíì túmọ̀ sí nǹkan kan.

Ibi tó o máa wá a sí ni WoRMS, ìyẹn àkójọ orúkọ gbogbo ẹran òkun, orí íntánẹ́ẹ̀tì ló wà, ọ̀fẹ́ ni. Tó o bá ti mọ ẹbí tó ti wá, kó gbogbo orúkọ inú ẹbí yẹn jáde, kó o wá máa wá àpèjúwe wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ gidi nìyẹn o. Èèyàn á sì máa rò pé ẹnikẹ́ni ò wo iyanrìn tiwa rí, irọ́ ni. Ọkọ̀ òkun àwọn ará Denmark kan tó ń jẹ́ Atlantide rin etí òkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ní 1945 sí 1946, wọ́n ń wa ìsàlẹ̀ òkun kiri, ìròyìn ohun tí wọ́n rí sì ń jáde fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ẹ̀. Àwọn amphipod wà níbẹ̀. Tí o bá sọ pé tìẹ tuntun láìyẹ ti wọn wò, ẹni àkọ́kọ́ tó bá ka iṣẹ́ rẹ ló máa dá a padà.

Wá rántí "Obìnrin ẹ̀ dà?" kó o sì fi "Àgbà ẹ̀ dà?" kún un. Ọkùnrin, obìnrin àti ọmọ lè má jọra rárá nínú àwọn ẹran yìí. Wo àwọn isopod tí wọ́n ń pè ní gnathiid: ọmọ wọn ló ń mu ẹ̀jẹ̀ ẹja, tó bá yó ikùn ẹ̀ á wú bí eégbọn, àgbà wọn kì í jẹ nǹkan kan mọ́ títí tó fi máa kú, ọkùnrin wọn sì ní eyín bí ẹ̀mú níwájú orí. Ìrísí wọn yàtọ̀ síra débi pé àwọn onímọ̀ àtijọ́ fún ọmọ ní orúkọ tiẹ̀, Praniza, wọ́n rò pé ẹran ọ̀tọ̀ ni. Inú ẹbí yìí náà ni Gnathia marleyi wà, èyí tí wọ́n fi sọrí Bob Marley ní 2012, omi Caribbean ni wọ́n ti rí i. Èyí tó tún ga jù ni Cerataspis monstrosa. Ní 1828 ni onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Gray sọ ọ́ lórúkọ, inú ikùn ẹran òkun míì ni wọ́n ti rí i, ó níwo, ó ní ẹ̀gún, ó dà bí nǹkan inú àlá, kò sẹ́ni tó rí bàbá tàbí ìyá ẹ̀ rí. Ó di 2012 kí àyẹ̀wò DNA tó fi hàn pé ọmọ edé kan tó ń gbé inú ibú ni, edé tí wọ́n ti mọ̀ tipẹ́! Ọdún 184 ni wọ́n fi pe ọmọ ní orúkọ ọ̀tọ̀, bàbá ń jẹ́ tiẹ̀ lọ.

Báwo lo ṣe máa mọ̀ bóyá àgbà ni tìẹ? Yí i dojú dé, wo abẹ́ àyà ẹ̀ láàárín ẹsẹ̀. Tó o bá rí àwọn nǹkan pẹlẹbẹ bí ewé, tí irun wà létí wọn, tí wọ́n kọjú síra wọn bí àpò, àpò ẹyin nìyẹn, obìnrin tó ti dàgbà ni. Nígbà míì ẹyin á ṣì wà níbẹ̀, pupa rúsúrúsú. Tó ò bá rí àpò nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, má sáré.

DNA náà lè gba ọ̀nà kejì yọ sí ẹ o. Amphipod kan wà tó ń jẹ́ Eurythenes gryllus, láti 1822 ló ti ní orúkọ, ìsàlẹ̀ òkun káàkiri ayé ni wọ́n ti ń rí i, gbogbo ayé gbà pé ẹ̀yà kan ni. Nígbà tí wọ́n yẹ DNA wò, ẹ̀yà bíi mélòó kan ló sá pamọ́ sábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo. Ọ̀kan nínú àwọn mọ̀lẹ́bí ẹ̀ ni Eurythenes plasticus, Mariana Trench, ibú tó jìn jù lọ nínú òkun ayé, ni wọ́n ti rí i ní 2014, jíjìn ẹ̀ ju mítà 6,000 lọ, ọ̀kan nínú wọn ní fọ́nrán ike nínú ìfun, irú ike tí wọ́n fi ń ṣe ìgò omi, òun ló fa orúkọ yẹn. 2020 ni iṣẹ́ náà tó jáde. Wo iye ọdún tó wà láàárín, àwọn yẹn sì ní láàbù gidi àti owó, kó o wá mọ̀ pé fífi ìkánjú gbé e sórí Facebook ò ṣe ẹ́ láǹfààní kankan.

Àwòrán ló kù. Ẹyọ kan lo máa tú, kì í ṣe gbogbo wọn. Kán glycerine tó tóbi bí orí ìṣáná sórí síláìdì, fi ẹran náà sínú ẹ̀, mú abẹ́rẹ́ méjì tó tín-ín-rín jù tó o lè rí, fi ọ̀kan di ara mú, fi èkejì máa yọ ẹsẹ̀ níbi oríkèé, ẹ̀gbẹ́ kan péré, fi ẹ̀gbẹ́ kejì sílẹ̀ kó máa wà lódindi. Jọ̀ọ́, pa fáànù. Mo ti pàdánù ẹsẹ̀ méjì sí afẹ́fẹ́ fáànù rí, mo wá wọn lórí tábìlì, mo wá wọn nílẹ̀, wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ títí di òní. Tó ẹsẹ̀ sórí síláìdì bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra, ya ọ̀kọ̀ọ̀kan, ka irun orí ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, irun, lọ́kọ̀ọ̀kan, torí nígbà míì irun mẹ́ta tàbí mẹ́rin ní ìdí ìrù ni gbogbo ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹ̀yà méjì.

Tí gbogbo èyí bá wá já sí pé tuntun ni lóòótọ́, ẹ̀ẹ̀kan yẹn la tó ń sọ̀rọ̀ orúkọ. Orúkọ á jẹ́ méjì, ti ìdílé á ṣáájú bíi ti réjísítà iléèwé, ti àbísọ á tẹ̀ lé e, lẹ́tà kékeré ni wọ́n sì fi ń bẹ̀rẹ̀ èyí. O láṣẹ láti lo èdè tó wù ẹ́. Àwọn ará Japan ṣe é ní 2019, wọ́n rí amphipod kan lẹ́nu ẹja whale shark ní Okinawa, wọ́n sọ ọ́ ní Podocerus jinbe, látinú orúkọ tí wọ́n ń pe ẹja yẹn lédè wọn. Ṣùgbọ́n lẹ́tà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ti Látìn nìkan ni òfin gbà, kò gba àmì ohùn, kò gba ẹsẹ̀ abẹ́ lẹ́tà. Ọkọ, ọkọ̀, òkò, gbogbo wọn á di oko. Torí náà Àdùkẹ́ á di aduke, àti pé nítorí pé obìnrin ni, wọ́n á fi ae sí i nídìí, á di adukeae. Bóyá màmá máa fẹ́ràn ẹ̀ báyẹn, ìwọ lo mọ̀ wọ́n.

Facebook ò ka orúkọ náà sí nǹkankan. Inú jọ́nà tó jáde lọ́nà tí òfin fọwọ́ sí ló ti gbọ́dọ̀ wá, tó bá jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ni jọ́nà náà ti ń jáde, wọ́n gbọ́dọ̀ ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní ZooBank, ìyẹn réjísítà orúkọ ẹran lórí íntánẹ́ẹ̀tì, láti 2012 nìyẹn ti bẹ̀rẹ̀. O sì máa yan ẹyọ kan tó jẹ́ òun ló ni orúkọ náà títí ayé, òun ni wọ́n ń pè ní holotype, o máa sọ mùsíọ̀mù tó máa wà. Tí ẹnì kan bá fẹ́ jiyàn ní igba ọdún sí i, òun ni wọ́n máa lọ yọ jáde. Má ṣe fi í sílẹ̀ sórí pẹpẹ ẹ̀ka tìẹ ní yunifásítì o. Mo mọ ibì kan tí mi ò ní dárúkọ, wọ́n dá iṣẹ́ sílẹ̀, ẹnikẹ́ni ò wọlé fún oṣù mélòó kan, nígbà tí wọ́n padà, ethanol ti fẹ́ lọ tán, àwọn ẹran yẹn ti lẹ̀ mọ́ ìgò bí ẹ̀kọ tó sun mọ́ ìkòkò.

Fún ọ̀sẹ̀ yìí, ethanol àti pẹ́ńsù ni kó o rà. Lẹ́yìn náà ka antẹ́nà ẹ̀, wo ibi tó ti tẹ́, wo abẹ́ àyà gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kó o kọ ohun tó o bá rí ránṣẹ́ sí mi, bóyá obìnrin wà níbẹ̀.