Òwìwí ara owó Áténì kì í ṣe ẹyẹ àjẹ́

Ẹ bèèrè ohun tí àwọn Gíríìkì àtijọ́ ní lọ́kàn tí wọ́n bá ní ẹnì kan "ń gbé òwìwí lọ sí Áténì", ẹ sì ní ẹnì kan sọ fún yín pé torí àjẹ́ ni òwìwí fi wà lára owó wọn. Ta ló ń kọ́ yín nírú èyí ná? Èmi náà ti gbọ́ ọ lẹ́nu oníwàásù kan rí, inú sì bí mi gidi. Pé àwa ń bẹ̀rù igbe òwìwí lóru kò ní kí gbogbo ayé máa bẹ̀rù rẹ̀.

Òrìṣà tó ni ìlú Áténì ni Athena, òun ló ni ọgbọ́n, òwìwí sì ni ẹyẹ rẹ̀. Wọ́n tẹ orí Athena tòun ti àṣíborí sí ojú kan owó fàdákà wọn, wọ́n wá tẹ òwìwí sí ojú kejì, pẹ̀lú ẹ̀ka igi ólífì. Mo ní ẹyọ euro kan láti Gíríìsì nínú àpótí mi: ẹ yí i padà, òwìwí yẹn náà ló lajú kòrókòró sí yín.

Wọ́n sábà máa ń ní òwe náà dà bí ẹni ń ru omi lọ sódò, torí ẹyẹ yẹn pọ̀ níbẹ̀. Kò burú, àmọ́ èmi ò kúrò lórí pé owó lòwe ń bá wí. Áténì ló ni ibi ìwakùsà fàdákà Laurion, níbi tí àwọn ẹrú ti ń ṣiṣẹ́. Fàdákà ibẹ̀ ni wọ́n fi kan ọkọ̀ ogun tó borí Páṣíà ní Salamis lọ́dún 480 ṣáájú ìbí Jésù. Ẹyọ owó fàdákà wọn tó jẹ́ dírákímà mẹ́rin, tó wúwo tó bíi gíráàmù 17, "òwìwí" ni wọ́n ń pè é. Lọ́dún 414 ṣáájú ìbí Jésù, àwọn ẹyẹ inú eré Aristophanes, òǹkọ̀wé eré ará Áténì, ṣèlérí fún àwọn adájọ́ ìdíje pé tí wọ́n bá fún àwọn nípò kìíní, òwìwí Laurion ò ní fi wọ́n sílẹ̀ láé, yóò tẹ́ ìtẹ́ sínú àpò wọn, yóò sì pa owó wẹ́wẹ́ síbẹ̀ bí ẹní pa ọmọ. Ṣé ẹyẹ igbó nìyẹn?

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ti Gylippus, ọ̀gágun Sípátà. Nígbà tí wọ́n ṣẹ́gun Áténì tán, wọ́n ní kó ru àpò fàdákà lọ sílé. Ó tú ìdí àpò, ó bù níbẹ̀, ó rán an padà, kò mọ̀ pé ìwé tó sọ iye owó wà nínú àpò kọ̀ọ̀kan. Ó kó èyí tó jí sábẹ́ amọ̀ sísun tó bo òrùlé rẹ̀. Àwọn olórí ka owó, kò pé. Ni ẹrú rẹ̀ bá fi ẹnà sọ fún wọn pé òwìwí púpọ̀ ló ń sùn ní Kerameikos. Àdúgbò àwọn amọ̀kòkò l'Áténì ni Kerameikos, orúkọ ọ̀hún sì jọ ti amọ̀ òrùlé yẹn. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ti tó. Gylippus sá kúrò nílùú.

Ẹrú lásán mọ orúkọ méjì tí owó ń jẹ́. Lánàá, mo bi ọmọ kan nílé wa pé kí ni ọ̀kẹ́, àpò tó ń gba ogún ẹgbẹ̀rún owó ẹyọ láyé àwọn bàbá wa. Ó ní, "Bàbá, ṣé ọ̀kẹ́rẹ́ lẹ fẹ́ pè ni?"