Ẹ Bi Wá: Kẹ́míkà Tó Ń Yára, Kẹ́míkà Tó Ń Lọ Tó Ń Bọ̀

Ìbéèrè: A da 5 cm³ ásíìdì hydrochloric sínú 50 cm³ sodium thiosulphate, a ń wo ìgbà tí àmì X tó wà lábẹ́ flask yóò pòórá. Ìwọ̀n kan náà la lò lẹ́ẹ̀mejì, síbẹ̀ ìṣẹ́jú àáyá 42 ni ti àkọ́kọ́, 31 ni ti ìkejì. Níbo la ti ṣì í?

Ìdáhùn: Flask yín ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Sulphur tó ń jáde nínú iṣẹ́ kẹ́míkà náà ló ń bo X mọ́lẹ̀, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ ìdí flask. Bí ẹ ò bá fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́ kúrò, ìdí flask ti di bàìbàì kí ìkejì tó bẹ̀rẹ̀, X á sì tètè pòórá. Ásíìdì tó ṣẹ́kù síbẹ̀ náà ò dáa: aago ò tíì bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ tètè fọ̀ ọ́ ní kété tẹ́ ẹ bá ti kọ àkókò sílẹ̀. Ẹ má sì fi sílíńdà kan ṣoṣo wọn méjèèjì.

Ooru náà ń bẹ níbẹ̀. Bó bá fi 10°C gbóná sí i, iṣẹ́ náà lè fẹ́rẹ̀ẹ́ yá ní ìlọ́po méjì, nítorí náà ẹ ki tẹmómítà bọ̀ ọ́ nígbà gbogbo. Ẹnì kan ṣoṣo ni kó máa wo X, láti òkè tààrà.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dín agbára thiosulphate kù, ẹ fi omi dí àlàfo rẹ̀: 40 pẹ̀lú omi 10, 30 pẹ̀lú omi 20, kí àpapọ̀ má kúrò ní 50 cm³. Bí ohun tó wà nínú flask bá jìn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, X á tètè fara pamọ́ láìjẹ́ pé iṣẹ́ yá. Ẹ fi àkókò kọ̀ọ̀kan pín 1000, kẹ́ ẹ fi èsì rẹ̀ àti iye thiosulphate tẹ́ ẹ lò ya gíráàfù. Ìlà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ́ ló yẹ kó jáde.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ má sì jẹ́ kó gbóná kọjá 50°C. Sulphur dioxide ń jáde níbẹ̀, ó sì léwu gan-an fún ẹni tó ní ásímà.

Ìbéèrè: Tíṣà wa ní kátálísì, ìyẹn ohun tó ń mú kí iṣẹ́ kẹ́míkà yá, kì í fi kún iye amóníà tá a máa rí. Ṣé bí iṣẹ́ bá yá, kì í ṣe pé èrè á pọ̀?

Ìdáhùn: Òótọ́ ni tíṣà yín sọ. “Báwo ló ṣe máa yá tó?” yàtọ̀ sí “Èló ló máa jáde?”

N₂ + 3H₂ ⇌ 2NH₃: nitrogen àti hydrogen ń di amóníà (àlọ), amóníà náà sì ń tú padà di wọ́n (àbọ̀). Bí amóníà ṣe ń pọ̀ nínú ohun èlò tá a dé pa, bẹ́ẹ̀ ni èyí tó ń tú padà ń yára sí i, títí àlọ àti àbọ̀ fi máa dọ́gba. Kò sí èyí tó dúró nínú méjèèjì. Iye wọn ni kò yí padà mọ́. Irin tó jẹ́ kátálísì ń mú àlọ yá, ó sì ń mú àbọ̀ yá bákan náà, nítorí náà ibi tí wọ́n ti ń dọ́gba kò kúrò lójú kan. A kàn tètè débẹ̀ ni.

Ìfúnpọ̀ àti ooru ló ń sún ibẹ̀. Mólékù gáàsì 4 ló ń di 2, nítorí náà bá a bá fún wọn pọ̀, amóníà á pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n àlọ ń tú ooru jáde: bí ibẹ̀ bá tutù, amóníà á pọ̀, àmọ́ iṣẹ́ á falẹ̀ jù. Ìdí nìyẹn táwọn ilé iṣẹ́ fi ń lo nǹkan bíi 450°C àti ìfúnpọ̀ atm 200, ìyẹn ìlọ́po 200 ti afẹ́fẹ́ àyíká wa. Wọ́n á sọ amóníà di olómi, wọ́n á fà á kúrò, wọ́n á sì dá gáàsì tó ṣẹ́kù padà sínú iṣẹ́.

Ìbéèrè: Copper sulphate aláwọ̀ búlúù tá a yan dúdú. A bu omi sí i, kò padà.

Ìdáhùn: Iná yín pọ̀ jù. Ẹ lo iná kékeré, kẹ́ ẹ sì gbé e kúrò gbàrà tí búlúù bá ti di funfun. Bẹ́ ẹ bá kọjá ibẹ̀, yóò di copper oxide dúdú, gáàsì tó ń fún ọ̀fun á sì jáde. Omi ò lè yí ìyẹn padà. Funfun ni omi ń sọ di búlúù, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó tutù ná, kẹ́ ẹ sì máa kán omi sí i díẹ̀díẹ̀, torí ara ìgò á gbóná.