Èsì: Ọmọ mẹ́fà ní Lọ́ńdọ̀nù

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìmúra. Ẹ ní ọmọ mẹ́fà lẹ fẹ́ kó rìn ní Lọ́ńdọ̀nù, owó ò sì tó nǹkan. Bọ́ọ̀sì ni kẹ́ ẹ máa wọ̀: ọmọ tí ò bá tíì pé ọdún 11 kì í sanwó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó síwájú ní àjà òkè bọ́ọ̀sì. Àwọn tèmi ò fẹ́ sọ̀ mọ́! Ọ̀fẹ́ ni British Museum, ilé tí wọ́n ń kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sí, orí idẹ Ifẹ̀ sì wà níbẹ̀. Àbíkẹ́yìn mi wo ilà ojú rẹ̀ títí, ó ní, "Ó jọ bàbá àgbà." Oúnjẹ ló ń gbówó lọ. Ẹ se ìrẹsì sínú kúlà, kẹ́ ẹ tẹ́ aṣọ sórí koríko ní Greenwich Park. Ẹ mú agbòjò dání o.