Tọ́kìn Cincinnati tí wọ́n ní fàdákà ni

Ẹ kú ìbéèrè o. Ẹ ní ẹnì kan fẹ́ ta tọ́kìn oníṣòwò (owó kékeré tí oníṣòwò fúnra rẹ̀ ní kí wọ́n tẹ̀) láti ìlú Cincinnati, ti ìgbà Ogun Abẹ́lé Amẹ́ríkà, fún yín, ó sì ní fàdákà ni, ìyẹn ló jẹ́ kó wọ́n. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì sanwó. Mo ra irú rẹ̀ rí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo owó oṣù mi, bàbà tí wọ́n fi fàdákà bò lára ló sì já sí.

Nígbà tí ará ìlú kó wúrà àti fàdákà pamọ́ ní 1862, tí sẹ́ǹtì pàápàá di àwátì, àwọn oníṣòwò kò rí ṣéńjì fún oníbàárà, wọ́n bá ní kí àwọn tó ń gbẹ́ òǹtẹ̀ tẹ owó bàbà tí orúkọ ìsọ̀ wọn wà lára rẹ̀. Ẹni tó ń wá ṣéńjì sẹ́ǹtì kan kò ní fi fàdákà tẹ̀ ẹ́. Àwọn tó ń kó owó jọ láyé ọjọ́un ni wọ́n tẹ ti fàdákà fún, kò sì pọ̀ rárá. Òfin fòpin sí irú owó yìí ní 1864.

Láti mọ̀ bóyá fàdákà ni, ìwọ̀n nìkan kò tó, nítorí nínípọn wọn kò dọ́gba. Ẹ kọ́kọ́ wọn tọ́kìn ní gbígbẹ. Ẹ gbé ife omi sórí òṣùwọ̀n tó ń ka ìdá ọgọ́rùn-ún gíráàmù, ẹ dá òṣùwọ̀n padà sí òdo, kí ẹ wá fi òwú tẹ́ẹ́rẹ́ so tọ́kìn rọ̀ sínú omi láìjẹ́ kó kan ìsàlẹ̀ ife. Ẹ fi iye tí òṣùwọ̀n kà pín ìwọ̀n àkọ́kọ́. Fàdákà yóò lé ní 10. Tèmi jẹ́ 3.52 gíráàmù, omi ka 0.40, èsì rẹ̀ jẹ́ 8.8, bàbà ni, kì í ṣe fàdákà.

Wọ́n tẹ díẹ̀ nínú tọ́kìn wọ̀nyí sórí dáìmù fàdákà (owó sẹ́ǹtì mẹ́wàá), ṣùgbọ́n ìyẹn sábà máa ń jẹ́ nǹkan bí 2.49 gíráàmù, àmì dáìmù náà sì sábà máa ń hàn lábẹ́ awò tó ń mú nǹkan tóbi.

Ẹ má fi nǹkan kankan ha etí rẹ̀ láti dán an wò; mo ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó tún fẹ́ rà á lọ́wọ́ mi. Bí olùtajà bá kọ̀ kí ẹ rì í sómi, ẹ dá a padà fún un.