Ilẹ̀ tútù kan náà, òjò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: kí ló dé tí àwòṣe ojú-ọjọ́ fi ń tako ara wọn?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Mo fi àwòṣe ojú-ọjọ́ orí kọ̀ǹpútà ṣe ìṣirò òjò oṣù mẹ́ta. Àwòṣe náà ń pín ilẹ̀ àti afẹ́fẹ́ sí àpótí-àpótí láti ṣe ìṣirò. Nígbà tí ìbú àpótí kọ̀ọ̀kan jẹ́ 50 kìlómítà, ilẹ̀ tí mo fi omi kún láti ìbẹ̀rẹ̀ mú kí òjò pọ̀ sí i. Nígbà tí mo dín ìbú náà kù sí 3 kìlómítà, ilẹ̀ tútù yẹn kan náà ló dín òjò kù. Ṣé mo ṣe àṣìṣe níbì kan ni? Èwo ni kí n gbà gbọ́?

Ìdáhùn: N kò rò pé ẹ ṣe àṣìṣe. Ní 2009, Cathy Hohenegger àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ irú àbájáde yìí jáde nípa agbègbè òkè Alps ní Yúróòpù: nínú àwòṣe tí àpótí rẹ̀ jẹ́ 25 kìlómítà, ilẹ̀ tútù ló ń fa òjò sí i, ṣùgbọ́n nínú èyí tí àpótí rẹ̀ jẹ́ 2.2 kìlómítà, ilẹ̀ gbígbẹ ló ń fà á.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo ohun tí ọ̀rinrin inú ilẹ̀ ń ṣe gan-an. Agbára tí oòrùn ń rọ̀ sórí ilẹ̀ ní ọ̀nà pàtàkì méjì tó fi ń kan òjò: yálà kó mú afẹ́fẹ́ gbóná, tàbí kó fa omi kúrò nínú ilẹ̀ àti lára ewé. Ẹ da omi díẹ̀ sí apá yín, kí ẹ nà án síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́; òtútù tí ẹ ó mọ̀ lára wá láti inú ooru tí omi náà ń gbà lára yín kó tó lè gbẹ. Bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà ṣe rí nìyẹn. Omi tó ga tó 1 mìlímítà péré lórí ilẹ̀ tó jẹ́ mítà kan níbùú lóròó kò ju lítà kan lọ, síbẹ̀ ó ń gba agbára tó tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 2.5 joule (òṣùwọ̀n agbára) kó tó gbẹ tán, gbogbo agbára tó bá sì bá ọ̀nà yẹn lọ kò tún lè mú afẹ́fẹ́ gbóná mọ́.

Ibí yìí ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ilẹ̀ tútù ń fi ọwọ́ ọ̀tún fún òjò, ó sì ń fi ọwọ́ òsì gbà á padà. Ó ń fi ọ̀rinrin kún afẹ́fẹ́, èyí tí ìkùukùu nílò. Ṣùgbọ́n ó ń dín ooru tó yẹ kó gbé afẹ́fẹ́ náà gòkè kù. Bí ìpele afẹ́fẹ́ gbígbóná kan bá bo ìsàlẹ̀ bí ọmọrí ìkòkò, ilẹ̀ gbígbẹ tó ń gbóná gan-an ló sábà máa ń lágbára láti ṣí i. Bí kò bá sí irú ọmọrí bẹ́ẹ̀, ọ̀rinrin tí ilẹ̀ tútù fi kún un lè tó láti mú kí òjò ṣú.

Kì í ṣe ibi gbogbo ni ọ̀rọ̀ yìí ti le tó bẹ́ẹ̀. Nínú aṣálẹ̀, kò sí omi tí oòrùn lè fà. Nínú igbó tí òjò kì í dá, ilẹ̀ kì í ṣaláìní omi, agbára oòrùn ló ń pinnu iye tó ń gbẹ. Àárín méjèèjì ni ọ̀rinrin ilẹ̀ ti ń jẹ́ ọ̀gá. Ní 2004, Randal Koster àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi àwòṣe 12 wé ara wọn, wọ́n sì rí i pé agbègbè Sahel, pẹ̀tẹ́lẹ̀ àárín Amẹ́ríkà ti Àríwá àti Íńdíà wà lára ibi tí ilẹ̀ ti ń darí òjò jù lọ.

Ẹ wá wo àpótí yín. Ìkùukùu òjò kò fẹ̀ tó 50 kìlómítà, nítorí náà àwòṣe tí àpótí rẹ̀ tóbi kò lè rí i. Ìlànà àfidípò kan ló máa ń wo ooru àti ọ̀rinrin gbogbo àpótí náà ní àròpọ̀, tí yóò sì pinnu pé kí òjò bẹ̀rẹ̀. Púpọ̀ nínú irú ìlànà bẹ́ẹ̀ máa ń kánjú: wọ́n ń rọ òjò ní ọ̀sán gangan, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀sán ń lọ tàbí ilẹ̀ ti ń ṣú ni òjò irú èyí sábà máa ń dé lórí ilẹ̀. Ìkánjú yìí ló ń ṣègbè fún ilẹ̀ tútù, nítorí pé òjò ti rọ̀ kí ooru ilẹ̀ gbígbẹ tó ráyè ṣiṣẹ́. Ní 3 kìlómítà, afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ gòkè. Àwòṣe náà tún lè rí atẹ́gùn tó ń ti orí ilẹ̀ tútù fẹ́ lọ sórí ilẹ̀ gbígbẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí atẹ́gùn òkun ṣe ń fẹ́ wọ ilẹ̀ lọ́sàn-án. Ibi tí atẹ́gùn bẹ́ẹ̀ ti ń pàdé ni afẹ́fẹ́ ti ń gbéra sókè.

Ohun tí sátẹ́láìtì rí gbe àbájáde 3 kìlómítà lẹ́yìn. Chris Taylor àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní 2012 pé òjò ọ̀sán sábà máa ń bọ́ sórí ibi tó gbẹ ju àyíká rẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ni àwòṣe àgbáyé mẹ́fà tí wọ́n yẹ̀ wò ń sọ òdìkejì. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe torí èyí da àbájáde 50 kìlómítà nù. Ní 2015, Benoit Guillod àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàlàyé pé ọjọ́ tí ilẹ̀ gbogbo agbègbè tutù ju bó ṣe máa ń rí lọ ni òjò sábà ń rọ̀, àmọ́ ibi tó gbẹ jù nínú agbègbè náà ló ń bọ́ sí. Ìbéèrè méjì ni, ìdáhùn wọn kì í ṣe ọ̀kan.

Ní tèmi, èyí tó jẹ́ 3 kìlómítà ni n óò gbára lé bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí òjò yóò rọ̀ sí àti wákàtí tí yóò dé. Bó bá jẹ́ àròpọ̀ òjò oṣù mẹ́ta ni, ẹ ṣọ́ra, nítorí pé àwòṣe tó kó agbègbè kékeré nìkan sábà máa ń gba ọ̀rinrin láti ẹnubodè agbègbè náà, ilẹ̀ tí ẹ fi omi kún sì lè má ní agbára lórí ìyẹn rárá. Ẹ kọ́kọ́ yẹ iye omi tó ń gbẹ kúrò nínú ilẹ̀ wò: bí kò bá yàtọ̀ láàárín ilẹ̀ tútù àti ilẹ̀ gbígbẹ, ìyàtọ̀ òjò yẹn kò ti ọwọ́ ilẹ̀ wá. Ẹ wo gbogbo ìjìnlẹ̀ tí gbòǹgbò dé, nítorí pé sátẹ́láìtì tó ń wọn ọ̀rinrin ilẹ̀, bíi SMAP tí wọ́n jù sókè ní 2015, kò rí ju nǹkan bíi 5 sẹ̀ǹtímítà òkè ilẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ tún ìṣirò kọ̀ọ̀kan ṣe nígbà mẹ́wàá ó kéré tán, kí ẹ máa yí ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì kọ wákàtí tí òjò bẹ̀rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àbájáde kọ̀ọ̀kan. Bí ti 50 kìlómítà bá ń rọ̀ ní ọ̀sán gangan lójoojúmọ́, ẹ ti rí ibi tí ìyàtọ̀ náà ti wá.